Jíípù Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Ṣeé Tà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, jíípù tí mò ń gùn ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán o! Ojoojúmọ́ lẹ ń bi mí pé Kọ́lá, kí ló dé tí o ò ta pàǹtírí yìí, kí o ra ọkọ̀ tó bá ojú mu? Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀rín dá yín lóhùn. Lónìí mi ò ní ẹ̀rín lẹ́nu.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ má baà sọ pé mò ń bá òyìnbó polówó ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Ó ga, ó rí bí àpótí aṣọ àwọn ìyá wa àtijọ́, àwọ̀ ewé tó ti ṣá ló wà lára rẹ̀, dísù ló sì ń mu. Lójú títì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀lẹ ni. Bọ́ọ̀sì elérò máa yà á sílẹ̀, kọ̀ndọ́ á tún yọ orí síta láti wo ẹni tó ń wà á. Iṣẹ́ fíríìjì àti éè-síì ni mò ń ṣe jẹun, síbẹ̀ éè-síì inú rẹ̀ kò tutù. Mo ti tún un ṣe títí, ó ti sú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé inú ẹrẹ̀. Jíà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ńlá, tí ẹ bá ti fà á, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa fà pọ̀. Kò ní sáré, kò ní pariwo, yóò kàn máa gun òkè lọ bí ìyá arúgbó tó mọ ibi tó ń lọ. Àwọn jíípù ńlá tí àwọn olóṣèlú ń gùn, tí ẹ ń lanu wò yẹn, mo ti fi tèmi yìí fa wọ́n yọ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ rí, tí ọ̀gá tó ni ín dúró lẹ́bàá igbó pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ta ló ń yin tèmi? Kò sí! Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni.

Ó dáa. Kì í ṣe èmi ni mo rà á. Gbóyè ni.

Gbóyè ni ẹ̀gbọ́n mi. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Gbóyè lásán láti kékeré. Àwa méjì péré ni Màámi bí tó dàgbà. Oríkì wa ni wọ́n sì fi máa ń pè wá. Àlàó ni wọ́n ń pe Gbóyè, Àjàní ni wọ́n ń pe èmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ohùn wa jọra ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó mi pe Gbóyè rí lórí fóònù, ó rò pé èmi ni, ó sì fi ìbínú tú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi sílẹ̀ fún un. Ṣé ẹ rò pé Gbóyè sọ fún un pé òun kọ́? Rárá o! Ó kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní kó má bínú, pé òun máa yí padà. Bí mo ṣe wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà tí wọ́n bu ẹran fún mi, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Irú èèyàn tí Gbóyè jẹ́ nìyẹn.

Màámi ń gbé ní Abà Ìrókò, nínú oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n láti Ifẹ̀, ẹ máa yà sínú igbó, láti ibẹ̀ lọ, kò sí ọ̀dà mọ́, kò sí afárá lórí odò, nẹ́tíwọọ̀kì pàápàá kò sí. A bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa nígboro, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ariwo ọ̀kadà Òkèrèwè, níbi tí èmi ń gbé, kò ní jẹ́ káwọn gbọ́ ohùn ara àwọn. Ojú wọn sì ti lọ. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ni wọ́n ń rí. Ìyá Bísí, ìbátan bàbá wa kan, ló ń bá wọn gbé, tó ń dáná fún wọn.

Nítorí Màámi ni Gbóyè ṣe ra jíípù náà. Ọjọ́ tó gbé e dé, gbogbo wa la fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pè é ní pósí onítáyà, Ọlọ́run ó foríjì mí. Gbóyè kàn ń nu gíláàsì rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí kò bá lè gbé òun dé ọ̀dọ̀ ìyá òun, kí lòun fẹ́ fi ṣe?

Gbogbo Sátidé ló ń lọ, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Èmi náà máa ń bá a lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láti òdìkejì odò ni Màámi ti máa ń gbọ́ ìró injínnì yẹn, nítorí kò jọ ti ọkọ̀ mìíràn. Ó máa ń kùn ni, bí ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn fún. Kí a tó dé iwájú ilé, Màámi á ti jáde, wọ́n á ti máa pe orúkọ wa.

Gbóyè wá kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti parí. A sin ín sí àgbàlá ilé wa ní Ìlódè. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, nítorí inú ṣì ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí.

Bàbá Kékeré ló pe ìpàdé. Àbúrò bàbá wa ni wọ́n, àwọn sì ni olórí ẹbí báyìí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Màámi gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Abiyamọ kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní pẹ̀lú ọjọ́ orí tí Màámi wà yìí, bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á tẹ̀ lé e ni, a ó sì wá sin èèyàn méjì. Mo béèrè pé ìgbà wo la máa wá sọ fún wọn. Bàbá Kékeré ní kí a jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ ná. Díẹ̀ wo?

Bí a ṣe sọ fún Màámi nìyẹn pé Gbóyè rìnrìn àjò. A ní iṣẹ́ ńlá kan ló gbà ní Òkè Ọya, ó máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Bísí nìkan la sọ òótọ́ fún ní abà, a sì mú un búra.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ wo Màámi. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé Àlàó kò tíì dé? Mo máa ní ó kù díẹ̀. Wọ́n á máa fọwọ́ ra etí aṣọ wọn. Ìyá Bísí ní oúnjẹ kò lọ lẹ́nu wọn mọ́.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Odò kún, ọ̀kadà kankan kò gbà láti lọ. Ìyàwó Gbóyè fúnra rẹ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ jíípù wá bá mi. Ó ní ẹ máa lò ó, ó ti ń bà jẹ́ sílẹ̀, ìyá yín ló rà á fún. Ọ̀nà tí mo gbà di oníjíípù nìyẹn.

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, ẹ ò rí i bó ṣe wọ inú odò yẹn! Mo fa jíà kékeré, omi ń lu ilẹ̀kùn, táyà ń di òkúta mú lábẹ́ omi, kò mì. Inú mi dùn débi pé mò ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè odò tán ni mo gbọ́ ohùn Màámi.

"Àlàó ti dé o! Ọmọ mi ti dé!"

Wọ́n ti jáde. Wọn ò mú ọ̀pá. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ń rìn nínú ẹrẹ̀ bọ̀ wá pàdé ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, kí lẹ̀ bá ṣe? Mo la ẹnu láti sọ pé èmi Àjàní ni. Mo rí Ìyá Bísí lẹ́yìn wọn, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń mi orí sí mi, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Màámi tún pe Àlàó. Mo ní, "Màámi."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni mo sọ. Mo rò pé ọjọ́ yẹn nìkan ni yóò mọ.

Màámi jó. Wọ́n jẹun lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ṣe gbogbo àdúrà tí ìyá máa ń ṣe fún ọmọ tó ti ìrìn àjò dé. Mò ń ṣe àmín, bẹ́ẹ̀ mo mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe àdúrà náà fún, mo sì mọ ibi tó sùn sí.

Kí n tó dìde, wọ́n béèrè pé Àjàní ńkọ́. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi Kọ́lá ni mo jókòó ti ìyá mi, tí mò ń sọ fún wọn pé Kọ́lá kò ráyè wá!

Mo gba Ìlódè lọ, mo ròyìn fún Bàbá Kékeré. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ló ṣe é, pé ara ìyá ti balẹ̀, kí n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí inú wọn ṣe dùn tó ló wá bà mí lẹ́rù.

Àlàó ni mo wá ń jẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ẹ má bi mí bóyá mo gbìyànjú láti jáwọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn wọn láti òkè odò báyìí, gbogbo ìpinnu tí mo ti ṣe lójú ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n á ti yọ́ dànù.

Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Abà Ìrókò mọ́. Mo wà ní Sábó lọ́jọ́ kan, mò ń ra páìpù, obìnrin kan pe Gbóyè. Mo jẹ́ ẹ. Ọmọ rẹ̀ ló ń pè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú ikọ́ kan, ikọ́ kékeré tí Gbóyè máa ń hú kó tó sọ̀rọ̀. Mi ò hú irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìyàwó mi ní tí mo bá ti abà dé ní Sátidé, òun máa pe Kọ́lá títí kí n tó gbójú sókè. Ó kọ́kọ́ ń fi í ṣeré. Nígbà tó yá, kò fi í ṣeré mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo parí iṣẹ́, mo wọ jíípù, mò ń lọ sílé. Ìgbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, ìta ilé Gbóyè ní Ìlódè ni, mo ti fun fèrè, mò ń dúró kí wọ́n ṣí géètì fún mi. Ìyàwó Gbóyè ló ṣí i. Ó wò mí, mo wò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo fi rìfásì padà sẹ́yìn, mo gba ọ̀nà Òkèrèwè lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Gbóyè ga jù mí lọ. Bó ṣe ti ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn ni mo ṣe fi í sílẹ̀, agbára káká ni ẹsẹ̀ mi fi ń dé ibi bíréèkì. Ìgbà mélòó ni mekáníìkì mi ní kí n fà á síwájú! Mi ò fà á. Mi kì í sì gbé ẹrù sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Mo máa ń fi í sílẹ̀ lófìfo ni. Mi ò mọ̀ bóyá Gbóyè ni mo fi í sílẹ̀ fún ni, àbí Kọ́lá.

Màámi ò sì yéé béèrè Àjàní. Iṣẹ́ pọ̀, mo ti sọ ọ́. Ara rẹ̀ kò yá, mo ti sọ ọ́. Ó ní kí n kí yín, mo ti sọ ìyẹn pàápàá. Ó di Sátidé kan, kò sí irọ́ lẹ́nu mi mọ́, ni mo bá ní ó rìnrìn àjò. Wọ́n ní ibo? Mo ní Òkè Ọya.

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Irọ́ tí a pa nípa Gbóyè náà ni! Òun ló wà nílẹ̀, òun ni mo bù. Màámi ní ó dáa. Wọn ò tún béèrè Àjàní lọ́wọ́ mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo wá rò pé wàhálà ti tán. Èmi òmùgọ̀.

Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, Bàbá Kékeré bá mi lọ, wọ́n fẹ́ lọ wo kòkó. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, ojú ọ̀nà ti di ọ̀gbàrá. Bàbá Kékeré jókòó sẹ́yìn, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń pe Jésù. Jíípù yìí kò ṣe bí ẹni pé ó gbọ́, ó kàn ń lọ ní tirẹ̀. A la odò kọjá, a gòkè, a dé iwájú ilé. Mo pa á. Kò sí ẹni tó pe Àlàó.

Màámi jókòó sórí ẹní ní ẹnu ọ̀nà. Wọn ò wé gèlè. Wọ́n ti tú irun wọn sílẹ̀. Àwọn obìnrin abà yí wọn ká, ojú gbogbo wọn ti wú. Mo ní ó parí, ẹnìkan ti tú u fún wọn, wọ́n ti gbọ́ nípa Gbóyè. Mo wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Èmi ni wọ́n ń kì. Àjàní. Oríkì tí wọ́n fi ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun ni wọ́n ń fi ohùn ẹkún pè, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń kì ẹni tó ti lọ. Mo dúró nínú òjò, mò ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń ṣọ̀fọ̀ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ bó ṣe rí lára mi. Ó ṣe mí bíi kí n wo ara mi wò bóyá mo ṣì wà.

Ìyá Bísí yọ́ wá bá wa. Ó ní láti ìdájí ni. Ó ní Màámi ní àwọn ti mọ̀, pé Àjàní ti kú, gbogbo wa là ń pa á mọ́ fún àwọn.

Bàbá Kékeré fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíípù. Wọ́n sọ ọ́ sí mi létí.

"Má sọ nǹkan kan. Ó ti ń sunkún náà, jẹ́ kó sun ún parí. Ọmọ kan kú, ọmọ kan kù. Ìṣirò náà kò yí padà."

Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ òótọ́? Mo rò ó. Mo dúró níbẹ̀, mo rò ó dáadáa. Bí mo bá dákẹ́, Àlàó wọn á ṣì máa wá ní Sátidé. Wọ́n á sunkún Àjàní tán, wọ́n á gbàgbé díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni mo máa gba Gbóyè padà lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn tí mo ti fi lé wọn lọ́wọ́. Kí ni kíkú mi já mọ́, nígbà tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán tẹ́lẹ̀?

Màámi gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Wọ́n dá ẹkún dúró.

"Àlàó, ìwọ nìyẹn?"

Mi ò dáhùn.

"Nígbà tí wọ́n ní o rìnrìn àjò, o padà dé. Àbúrò rẹ náà rìnrìn àjò, kò dé mọ́. Ẹ̀ ń jọ wá tẹ́lẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀yin méjèèjì pọ̀ mọ́. Ojú mi ló fọ́ o, etí mi ò fọ́. Ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Sọ fún mi. Ibo lẹ sin Àjàní sí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Màámi, èmi ni Àjàní. Mi ò kú."

Wọ́n na ọwọ́. Mo gbé orí mi sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ wá orí mi, etí mi, ọrùn mi, wọ́n ń wá a bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú koríko. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní Àjàní? Mo ní, "Màámi." Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà tí mo fi ń jẹ́ Àlàó. Ọwọ́ wọn dúró sójú kan.

Wọ́n béèrè pé Àlàó ńkọ́. Òjò ń rọ̀ lórí páànù.

"Ta ló wá ń dá mi lóhùn láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní èmi ni.

Wọ́n mú ọwọ́ wọn kúrò lórí mi. Wọn ò pariwo, ó wù mí kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Ẹ sin ọ̀kan láìsọ fún mi, ẹ sì pa ìkejì sí mi lọ́wọ́." Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ìfẹ́ ni, pé nítorí ìlera wọn ni. Màámi ní, "Ọkọ mi, ẹ dákẹ́ ná," bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ. Bàbá Kékeré dákẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ayé, mi ò rí ẹni tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ rí.

Wọ́n béèrè ibi tí Gbóyè wà. A ní Ìlódè. Bàbá Kékeré tún fẹ́ sọ pé abiyamọ kì í dé ibẹ̀. Màámi ní àwọn mọ̀, àwọn ò ní àwọn fẹ́ lọ. Wọ́n ní kí a mú àwọn lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀.

A dì wọ́n mú dé ibẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní rárá, ibi tí Àlàó ń jókòó sí ni. Mo gbé wọn sórí ìjókòó Gbóyè. Ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ ra sítíárìn yí ká, wọ́n ra ọ̀pá jíà, wọ́n ra ibi tí a fi ń yí gíláàsì wálẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣáná sí i. Mo na ọwọ́ kọjá níwájú wọn, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Injínnì dìde, ó ń kùn. Ìgbà yẹn ni Màámi gbé orí lé sítíárìn, wọ́n wá fi orúkọ Àlàó sunkún. Dísù ń jó lọ, kò sẹ́ni tó ní kí n pa á. Èmi náà dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú òjò, mo sunkún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, mi ò ráyè sunkún rẹ̀.

Màámi ò kú o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí ó dá gbogbo ẹbí mi lójú. Ara wọn kò yá fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n jẹun, wọ́n dìde. Wọ́n ṣì ń bá Bàbá Kékeré jà títí di òní.

Mo ṣì ń lọ ní Sátidé. Tí mo bá ti gòkè odò, Màámi á jáde, wọ́n á pe Àlàó. Wọ́n mọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Mo máa pa jíípù, mi ò ní dáhùn. A óò dákẹ́ báyìí, wọ́n lóde, èmi nínú ọkọ̀. Ẹnu mi máa ń fẹ́ là fúnra rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ dì í mú. Nígbà tó bá yá, wọ́n á pe Àjàní, mo sì máa jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, mi ò ta jíípù. Ó ń mu dísù, éè-síì rẹ̀ kò tutù, ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín lọ. Abiyamọ kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀, àṣà wa ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n níbo ló ti máa sunkún ọmọ náà? Kò sẹ́ni tó ro ìyẹn nínú ìpàdé wa. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí a bá pa òkú mọ́ fún ìyá rẹ̀, òkú náà kò ní dúró sójú kan. Ó máa wá ẹni tó máa wọ̀, ẹni tó bá sì wọ̀, òun náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkú.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹbí yín ti ṣe irú èyí rí, báwo lẹ ṣe tú u? Ta ló sọ ọ́, kí sì ni ìyá náà wí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń pa á mọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ìyá kan jókòó síbì kan tó ń retí ẹni tí kò ní dé mọ́, ẹ má jókòó kọ ọ́ síbí. Ẹ lọ bá a. Bí ọ̀nà ibẹ̀ bá lẹ́rẹ̀, ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.